Ohun Tí Bátìrì Ń Pàdánù: Àròjinlẹ̀ Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì Kan Lórí Iṣẹ́ Rẹ̀

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú iṣẹ́ ìwádìí bátìrì, iye iná tí èròjà kan lè gbà sára ni ojú rẹ̀ máa ń wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni èmi ṣe bẹ̀rẹ̀, mi ò sì rí aburú nínú rẹ̀, nítorí nọ́ńbà ńlá ló máa ń fa ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wọ yàrá àyẹ̀wò. Gíráàmù gíráfáìtì kan, irú kábọ́ọ̀nù dúdú tó wà nínú pẹ́ńsùlù, lè gba iná tó tó 372 mílíáńpíà-wákàtí, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń ka iye iná tí bátìrì gbà. Gíráàmù sílíkọ́ọ̀nù kan lè gbà ju 3,500 lọ, ti lítíọ́mù fúnra rẹ̀ sì lé ní 3,800. Ẹni tó bá to àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á béèrè pé kí ló wá dé tí gíráfáìtì ṣì wà nínú bátìrì fóònù àti ti ọkọ̀ títí dòní. Ìbéèrè yẹn ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdáhùn sí, òun náà ló sì gbé ojú mi kúrò lára ohun tí bátìrì ń gbà lọ sára ohun tó ń pàdánù. Àdánù náà kéré gan-an, ojú lásán kò sì lè rí i, síbẹ̀ òun ló ń pinnu bóyá èròjà kan máa jáde kúrò nínú yàrá àyẹ̀wò tàbí ibẹ̀ ló máa parí sí.

Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà kò le láti ṣàlàyé. Ní oṣù kẹta ọdún 1800, Alessandro Volta, ọmọ Ítálì, kọ lẹ́tà sí Joseph Banks, ààrẹ Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó sì ṣàlàyé bí òun ṣe to síǹkì àti fàdákà léra wọn, tí òun fi ohun tí a rẹ sínú omi iyọ̀ sáàárín wọn, tí iná sì ń ṣàn láti ibẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Bátìrì òde òní kò tíì kúrò lórí ìlànà yẹn: èròjà kan ń fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù (ohun tíntínní tó ń gbé iná nínú wáyà) sílẹ̀, èkejì ń gbà á, ohun kan sì wà láàárín wọn tó ń jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù (átọ́ọ̀mù tó gbé iná sára) kọjá, àmọ́ tí kì í gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù láyè. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á gba inú wáyà jáde síta, níbi tí a ti ń rí iná lò, áyọ́ọ̀nù á gba inú omi kẹ́míkà tó wà láàárín, àwọn méjèèjì á sì tún pàdé lódì kejì. Lẹ́yìn Volta ni Michael Faraday fi hàn, láàárín ọdún 1833 sí 1834, pé iye èròjà tó bá yí padà bá iye iná tó bá kọjá mu rẹ́gí. Orí òfin yìí ni gbogbo iṣẹ́ mi dúró lé. A lè ka iná tó wọlé, a lè ka èyí tó jáde, bí méjèèjì kò bá sì dọ́gba, a ti mọ̀ dájú pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú bátìrì náà tí a kò rán an.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wo iye iná tí mo bá kọ sórí pátákó. "Èló ló padà wá?" ni wọ́n máa ń bi mí, wọn kì í sì í gba "ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé" lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá ni mo wá rí ìdí rẹ̀. Ká ní bátìrì kan ń dá ìdá 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó bá gbà padà. Létí ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ ti bùṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n lítíọ́mù, tí áyọ́ọ̀nù rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ nínú bátìrì, ní ìwọ̀n, èyí tó bá sì ti sọnù kò ní àrọ́pò. Bí ìdá 0.1 bá ń sọnù nínú ohun tó kù ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣáàjì bátìrì náà, lẹ́yìn ìgbà 1,000, kò ní ju nǹkan bí ìdá 37 lọ tó máa ṣẹ́ kù. Bó bá jẹ́ 99.99 ló ń dá padà, nǹkan bí ìdá 90 ló máa kù. Ohun tó wà láàárín bátìrì tó wúlò àti èyí tí kò wúlò kò ju mẹ́sàn-án nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ! Ẹ̀rọ tí kò bá lè wọn ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò lè sọ òótọ́ fún wa, ìdí sì nìyẹn tí Jeff Dahn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Dalhousie ní Kánádà fi fi ọ̀pọ̀ àkókò ṣe ẹ̀rọ tó ń ka iná wọlé, tó ń kà á jáde, pẹ̀lú ìpéye tó ga jọjọ. Mo ka iṣẹ́ yẹn sí ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù ní ẹ̀ka wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bí èròjà tuntun kankan.

Ibo wá ni ohun tó sọnù ń lọ? Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe bátìrì kékeré tí a fi ń ṣe àyẹ̀wò, torí pé inú ṣíṣe rẹ̀ gan-an ni èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun tó ń bá wí. A máa ń lọ èròjà náà kúnná, a ó pò ó mọ́ èédú dúdú tó ń gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù àti ohun tó ń lẹ̀ wọ́n pọ̀, a ó wá tẹ́ ẹ sórí bébà alumíníọ́mù bó bá jẹ́ ti apá pọ́sítíìfù, tàbí ti bàbà bó bá jẹ́ ti nẹ́gẹ́tíìfù. Lẹ́yìn tó bá ti gbẹ dáadáa nínú ààrò tí a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, a ó gé e ní róbótó, a ó sì gbé e wọ inú àpótí oníbọ̀wọ́, èyí tó kún fún gáàsì ágọ́ọ̀nù, tí omi àti ọ́síjìn inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù kan. Ọwọ́ nìkan ló ń wọ inú àpótí yìí, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sì nípọn débi pé èèyàn ní láti tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka mú nǹkan. Lítíọ́mù tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé máa ń dán gbinrin, ó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀bẹ fi ń gé e láìlo agbára, bí afẹ́fẹ́ lásán bá sì fẹ́ sí i, á ṣú. A ó tẹ́ ẹ, a ó fi bébà ike funfun tín-ín-rín lé e, a ó kán omi kẹ́míkà díẹ̀ sí i, a ó gbé èròjà tí à ń dán wò lé e lórí, a ó sì tẹ ìdérí rẹ̀ pa. Gbogbo rẹ̀ kò fẹ̀ ju 20 mílímítà lọ, kò sì ga ju 3.2 lọ. Bí ìrì omi tí ojú kò rí bá lọ yọ́ wọ inú rẹ̀, iyọ̀ lítíọ́mù inú omi kẹ́míkà náà á bá a jà, á sì di ásíìdì tó ń jẹ apá pọ́sítíìfù láti inú wá. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń pa àmúkúrù ẹsẹ̀, àwọn àgbà ti wí i.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí bátìrì bá ń gba iná ni àdánù tó tóbi jù máa ń wáyé, ó sì lè tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Omi kẹ́míkà inú rẹ̀ kò lè fara da agbára tí lítíọ́mù fi ń wọ inú gíráfáìtì tó wà ní apá nẹ́gẹ́tíìfù. Níbi tí méjèèjì ti fojú kanra, omi náà á fọ́, á di lítíọ́mù díẹ̀ mú, á sì di awọ kan lójú gíráfáìtì, awọ tó fẹ́lẹ́ débi pé nánómítà, ìdá kan nínú mílíọ̀nù mílímítà kan, la fi ń wọn bó ṣe nípọn tó. Emanuel Peled, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Ísírẹ́lì, ló ṣàlàyé irú awọ yìí ní 1979. Awọ náà ń jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù lítíọ́mù kọjá, ó sì ń dènà ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, nítorí náà bó bá ti bo gíráfáìtì tán, omi kẹ́míkà tó kù á wà ní àlàáfíà. Àdánù àkọ́kọ́ yìí ló ń ra ẹ̀mí fún bátìrì. Títí di òní, nígbà tí mo bá ń wo bí gíráàfù ìgbà àkọ́kọ́ ṣe ń tẹ̀ kọ́rọ́ níbi tí awọ náà ti ń mú, inú mi máa ń dùn, nítorí mo mọ̀ pé ohun tí ojú kankan nínú yàrá náà kò rí ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀.

Irú omi kẹ́míkà tí a bá lò ló ń sọ bí awọ náà ṣe máa rí, ọ̀rọ̀ yìí sì jinlẹ̀ ju bó ṣe ń dún létí lọ. Propylene carbonate àti ethylene carbonate, kẹ́míkà méjì tí a fi ń ṣe omi náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun kan náà: kábọ́ọ̀nù kan àti háídírójìn méjì péré ni àkọ́kọ́ fi ju èkejì lọ. Síbẹ̀, propylene carbonate máa ń bá lítíọ́mù wọ inú gíráfáìtì, á sì fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, nígbà tí ethylene carbonate máa ń fún un ní awọ tó dára. Ní 1990, Dahn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àpilẹ̀kọ jáde tó fi hàn pé pẹ̀lú ethylene carbonate, gíráfáìtì lè ṣiṣẹ́ dáadáa nínú omi kẹ́míkà. Ìdí kan náà yìí ló fà á tí Rachid Yazami, ọmọ Mòrókò tó ṣiṣẹ́ ní Grenoble ní ilẹ̀ Faransé, fi lo ike líle dípò omi nígbà tó fi hàn, ní nǹkan bí ọdún 1980, pé lítíọ́mù lè wọ inú gíráfáìtì kó sì tún jáde. Ohun tó wà ní àárín ló ń ba gíráfáìtì jẹ́. Nígbà tó sì yí ohun àárín padà, gíráfáìtì fi ohun tó lè ṣe hàn.

Nísinsìnyí mo lè dáhùn ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Bí sílíkọ́ọ̀nù bá gba lítíọ́mù tán, ara rẹ̀ á wú tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bó bá dá a padà, á tún sún kì. Awọ tó bò ó kò lè bá a wú kó tún bá a sún kì, á ya. Ojú sílíkọ́ọ̀nù á tún ṣí sílẹ̀, omi kẹ́míkà á tún fọ́, lítíọ́mù míì á tún bá a lọ, báyìí ni yóò sì ṣe máa rí ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣáàjì rẹ̀, títí tí lítíọ́mù fi máa tán. Gíráfáìtì máa ń wú ní tirẹ̀ náà, àmọ́ kò tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe bátìrì fi máa ń po sílíkọ́ọ̀nù díẹ̀ mọ́ gíráfáìtì dípò kí wọ́n lo sílíkọ́ọ̀nù nìkan.

Nígbà tí mo bá fẹ́ ronú nípa bí èèyàn ṣe lè lo gbogbo ayé rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, John Goodenough ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ìlú Jena ní Jámánì ni wọ́n bí i sí ní 1922, àmọ́ ọmọ Amẹ́ríkà ni àwọn òbí rẹ̀. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní Yale, ó bá iṣẹ́ ológun ṣiṣẹ́ ojú ọjọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì ní Yunifásítì Chicago ní 1952. Iṣẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì àti ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí nǹkan ló ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Lincoln Laboratory ti MIT ní Amẹ́ríkà. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún kó tó dé Oxford ní 1976 láti darí yàrá àyẹ̀wò kẹ́mísìrì, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ bátìrì tó wá gbajúmọ̀ jù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń bẹ̀rù pé àwọn ti pẹ́ jù.

Kì í ṣe ọwọ́ òfo ló bá iṣẹ́ náà. Ní àwọn ọdún 1970, Stanley Whittingham ti ṣe bátìrì ní ilé iṣẹ́ Exxon, tí apá pọ́sítíìfù rẹ̀ jẹ́ titanium disulfide, tí apá nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ sì jẹ́ lítíọ́mù gangan. Bátìrì náà mú iná tó lé díẹ̀ ní fóòtì (volt, ìwọ̀n agbára tó ń ti iná) méjì wá. Wàhálà rẹ̀ ni pé lítíọ́mù tó bá ń padà sórí ara rẹ̀ kì í tẹ́jú. Ó máa ń hu irun ṣóńṣó-ṣóńṣó tó lè gún bébà àárín kọjá, kó sì dá iná sílẹ̀. Goodenough rò ó pé bí a bá fi ọ́síjìn rọ́pò imí-ọjọ́ (sulfur) inú titanium disulfide, fóòtì náà máa ga sí i. Ní 1980, òun àti Koichi Mizushima pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé kóbáàtì oní-lítíọ́mù jáde, tó mú fóòtì mẹ́rin wá. Inú èròjà yìí, kóbáàtì àti ọ́síjìn tò léra bí ojú ìwé, lítíọ́mù sì ń wọlé, ó ń jáde láàárín wọn. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé lítíọ́mù ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é, èyí tó túmọ̀ sí pé kò pọn dandan mọ́ kí lítíọ́mù gangan wà lódì kejì. Akira Yoshino ló so ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ní Japan, ní ilé iṣẹ́ Asahi Kasei, nígbà tó fi kábọ́ọ̀nù tí a rí láti ara epo rọ̀bì sí apá nẹ́gẹ́tíìfù ní 1985. Ó ju irin wíwúwo lu bátìrì rẹ̀, kò gbiná. Èyí tó ní lítíọ́mù gangan nínú gbiná. Ní 1991, Sony gbé irú bátìrì yìí jáde sọ́jà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n la fi ń ṣọgbọ́n, kò sì sí ẹni tó lè dá yọ apá tirẹ̀ kúrò nínú ti àwọn yòókù. Whittingham, Goodenough àti Yoshino jọ gba Ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísìrì ní 2019, nígbà tí Goodenough ti pé ẹni ọdún 97.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n mú iṣẹ́ Goodenough kan ṣoṣo, kóbáàtì kọ́ ni màá mú. Màá mú èyí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Padhi àti Nanjundaswamy, gbé jáde ní 1997 ní Texas, irin oní-fọ́síféètì. Fóòtì rẹ̀ kò ju nǹkan bí 3.4 lọ, iná rẹ̀ kò ju 170 mílíáńpíà-wákàtí lọ fún gíráàmù kan, kò sì gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù dáadáa, títí tí àwọn ẹlòmíràn fi bò ó ní kábọ́ọ̀nù. Lórí bébà, kò lè bá àwọn tó ní nọ́ńbà ńlá figagbága. Àmọ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ di ọ́síjìn mú ṣinṣin, kì í sì í jẹ́ kó sá lọ bí ooru bá mú. Ara rẹ̀ kì í sì í yí padà púpọ̀ bí lítíọ́mù ṣe ń wọlé tó ń jáde. Ohun tó ń sọnù nínú rẹ̀ kéré. Ìyẹn ló gbé e dé inú àìmọye ọkọ̀ oníná àti àwọn bátìrì ńlá tí wọ́n fi ń tọ́jú iná oòrùn lónìí.

Ohun kan wà ní ẹ̀ka wa tó ń dùn mí. Nínú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò, lítíọ́mù gangan la máa ń fi sí òdì kejì èròjà tuntun, ó sì máa ń pọ̀ ju ohun tí èròjà náà nílò lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Bí nǹkan bá sọnù, lítíọ́mù yìí á yára dí àyè rẹ̀, gíráàfù á sì máa lọ gbọọrọ bíi pé kò sí ohun tó ṣe é. Kò sí irọ́ nínú irú gíráàfù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè tí ẹni tó fẹ́ ṣe bátìrì ń béèrè. Bí a bá gbé èròjà kan náà sínú bátìrì tí lítíọ́mù inú rẹ̀ níwọ̀n, tí omi kẹ́míkà rẹ̀ kò sì pọ̀ jù, ó lè má lò ju ìgbà díẹ̀ lọ kó tó kú. Mo gbà pé ó yẹ kí gbogbo àpilẹ̀kọ sọ iye lítíọ́mù àti iye omi kẹ́míkà tí wọ́n lò, kí wọ́n sì ya gíráàfù àdánù náà ní títóbi, débi tí òǹkàwé á fi lè rí ìyàtọ̀ láàárín 99.9 àti 99.99. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ń gba oṣù púpọ̀, nígbà míì ó ń gba ọdún, àwọn tó ń fún wa lówó kì í sì í fẹ́ dúró pẹ́. Mo ṣì gbà pé ó yẹ ká dúró.

Bí bátìrì kan bá kú, a máa ń ṣí i nínú àpótí oníbọ̀wọ́ láti wo ohun tó pa á. Ẹni tí kò bá tíì rí i rí kò ní gbà gbọ́ bí ó ṣe ń rí: gíráfáìtì tó kún fún lítíọ́mù kì í dúdú mọ́, àwọ̀ wúrà ló máa ń ní, èyí tí tirẹ̀ kò kún máa ń pupa, èyí tí tirẹ̀ kéré sí i máa ń ní àwọ̀ aró. Bí a bá rí ojú ibi tó jẹ́ wúrà nínú bátìrì tí a ti lo iná inú rẹ̀ tán, a mọ̀ pé lítíọ́mù ti há síbẹ̀, kò rí ọ̀nà padà. Bí a bá rí eérú fúlẹ́fúlẹ́ lára bébà àárín, lítíọ́mù tó ti já kúrò lára ilé rẹ̀ nìyẹn. Mo máa ń ya àwòrán ibi kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ti kà, kí n lè mọ iye tó bá ojú kọ̀ọ̀kan lọ.

Sódíọ́mù ló wà lórí tábìlì mi báyìí. Ó pọ̀ láyé ju lítíọ́mù lọ, àmọ́ áyọ́ọ̀nù rẹ̀ tóbi jù ú lọ, kì í sì í fẹ́ wọ inú gíráfáìtì nínú omi kẹ́míkà tí a sábà ń lò, ìdí nìyẹn tí a fi ń lo kábọ́ọ̀nù líle tí kò tò lẹ́sẹẹsẹ. Awọ tirẹ̀ tún máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi kẹ́míkà ju ti lítíọ́mù lọ, nítorí náà bátìrì tí a kò lò, tí a kàn gbé kalẹ̀ lásán, ṣì lè máa pàdánù. Àyẹ̀wò tí à ń ṣe ni pé a ó ṣáàjì rẹ̀, a ó fi í sílẹ̀ fún àkókò gígùn láìfọwọ́ kàn án, a ó wá ka iye iná tó padà wá. A ti yí iyọ̀ inú omi kẹ́míkà náà padà báyìí, a sì ń wò ó bóyá awọ tuntun náà máa dúró.